Ewé Wà Lọ́wọ́ Àgbà: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ́ Ohun Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀



Bí ibà bá mú ọmọ, a máa ń já ewé. A ó sè é, a ó fi wẹ ọmọ, a ó sì bù ú fún un mu. Nígbà mìíràn, ara ọmọ a yá. Nígbà mìíràn, kò ní yá. Ewé kan náà ni. Ìkòkò kan náà ni. Kí ló dé?

Irú ìbéèrè báyìí ni àwọn tí ń kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì ń wá ìdáhùn sí. Chimie ni wọ́n ń pè é ní ilé-ìwé. Àwọn kan nínú wa rò pé ẹ̀kọ́ yìí kò kan ará oko. Ó kàn wá.

Ohun mẹ́ta ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀.

Èkíní: kí ni ó wà nínú ewé? Bí igi bá jó, ó di èédú. Ohun tí ó wà nínú èédú, tí à ń pè ní kábọ́nù, wà nínú ewé, nínú iṣu, nínú epo pupa, àti nínú ara wa. Bí ó bá so mọ́ nǹkan mìíràn lọ́nà kan, ó di ṣúgà. Bí ó bá so lọ́nà mìíràn, ó di májèlé tàbí oògùn.

Èkejì: kí ni ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wa?

Ẹ̀kẹta: báwo ni a ó ṣe ṣe oògùn tí yóò pa àrùn, tí kò ní pa aláìsàn?

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tu Youyou. Láti 1951 dé 1955, ó kọ́ ẹ̀kọ́ oògùn ní ìlú Beijing. Ní 1969, wọ́n ní kí ó wá oògùn ibà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé wò. Ọ̀kan nínú wọn, qinghao, ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ó padà sí ìwé àtijọ́ kan tí Ge Hong kọ ní ohun tí ó lé ní 1600 ọdún sẹ́yìn. Ìwé náà ní kí a rẹ ewé yìí sínú omi, kí a fún un, kí a mu ún. Kò ní kí a sè é. Tu Youyou wá rò ó pé bóyá iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó lo éétà, tí ó ń hó ní ìwọ̀n 35, dípò omi tí ń hó ní 100. Ní 1971, oògùn náà wo ibà eku àti ti ọ̀bọ sàn pátápátá. Ní 1972, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lò ó fún ara wọn, kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Láti ara iṣẹ́ yìí ni oògùn ibà tí wọ́n ń fún wa ní ilé-ìwòsàn lónìí ti wá.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìwé àgbà ni ó tọ́ka ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ yunifásítì ni ó rìn ín dé òpin. Bí Ge Hong kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Láti 1970 ni yunifásítì ti wà ní Abomey-Calavi àti ní Lomé. Bí ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, bá fẹ́ràn ìṣirò àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ má fà á kúrò níbẹ̀. Ọdún 3 ni lísáǹsì, ọdún 2 sí i ni mástà. Ó gùn, ó sì ń ná ni lówó. Ṣùgbọ́n ikú ọmọ ju owó lọ.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tí wọ́n mọ ewé. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ orúkọ ewé, ẹ kọ bí wọ́n ti ń lò ó: ṣé sísè ni, ṣé rírẹ ni, báwo ni ó ti pọ̀ tó? Bí àgbà bá kú láì sọ ọ́, ó bá a lọ sí sàréè.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá mú ọmọ lónìí, ẹ má dúró de ìwádìí. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

A ti mọ ìwé kọ. Ẹ jẹ́ kí á kọ ohun tí a mọ̀, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ohun tí àwa kò mọ̀.