Èrò Èké Lẹ́nu Ọ̀nà: Bí A Ṣe Ń Dí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá kan tí ó ń ta ata ní ọjà Kétu. Ní ọjọ́ ọjà, ọgọ́rùn-ún ènìyàn yí ìsọ̀ rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ń béèrè iye owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń rà. Bí ó ti ń dá ọ̀kan lóhùn ni òmíràn ń pè é. Àwọn oníbàárà gidi dúró lẹ́yìn títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Kò sí ẹni tí ó jí ata, kò sí ẹni tí ó lu ìyá náà. Síbẹ̀, kò rí ọjà tà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní èdè Faransé, orúkọ rẹ̀ ni déni de service. Ní èdè wa, a lè pè é ní ìkọlù ìdínà. Ẹni ibi yóò rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè èké sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan, títí kọ̀ǹpútà náà kò fi ní lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Owó tí a ń fi fóònù ránṣẹ́ àti ìwé ìjọba tí a ń béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Liberia

Ní Liberia, tí òun náà wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, ilé-iṣẹ́ fóònù kan wà tí ó ń jẹ́ Lonestar. Ẹnì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá a díje sanwó fún ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, pé kí ó dí ọ̀nà Lonestar. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìbéèrè èké tí Kaye rán pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dàrú ní orílẹ̀-èdè náà. Lonestar ná nǹkan bí 600,000 dọ́là láti tún nǹkan ṣe.

Níbo ni ènìyàn kan ṣoṣo ti rí èrò tó bẹ́ẹ̀? Kò ra kọ̀ǹpútà jọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mìíràn ni ó lò, ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní Mirai. Mirai a máa kan ilẹ̀kùn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń wá kámẹ́rà tí ń ṣọ́lé, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sínú ilé. Ó ní àkójọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó lé díẹ̀ ní 60. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ ni Mirai mọ̀, bíi «admin» tàbí «12345». Ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ kò bá yí ọ̀rọ̀ náà padà yóò di ẹrú. Olówó rẹ̀ kò ní fura, nítorí kámẹ́rà náà ṣì ń fi àwòrán hàn bíi ti àná.

Bí a ṣe ń dá èrò èké mọ̀

Ẹni tí ó ń ṣọ́nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí èrò ti máa ń pọ̀ tó ní ọjọ́ lásán. Bí iye náà bá ṣàdédé ga, yóò fura. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èrò ni ọ̀tá. Ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde, gbogbo òbí àti ọmọ ni ó ń wá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwà èrò ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ènìyàn a máa ṣí ojú ìwé kan, a kà á, a sì lọ sí òmíràn. Ẹ̀rọ ẹrú lè béèrè ohun kan náà lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òmíràn tilẹ̀ ń kí ni, kò ní dúró gbọ́ ìdáhùn, a sì fi onílé sílẹ̀ níbi tí ó ti ń retí rẹ̀.

Bí a ṣe ń dènà rẹ̀

Àkọ́kọ́, a lè dín iye ìbéèrè tí ẹ̀rọ kan lè mú wá kù. Èkejì, a lè pín iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà púpọ̀ ní ìlú púpọ̀, kí ẹrù náà má baà wó lé ẹyọ kan lórí. Ẹ̀kẹta dàbí Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ ní Kétu, tí ó ní ilẹ̀kùn méjì. Ẹni tí ó wọ ilẹ̀kùn ìta kò tíì wọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń darí gbogbo èrò gba ibì kan tí a ti ń yẹ̀ wọ́n wò. A dá èké dúró, a sì jẹ́ kí oníbàárà gidi kọjá.

Ṣùgbọ́n bí èrò bá ti dí títì kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wa, olùṣọ́ ilẹ̀kùn kò lè dá nǹkan ṣe. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni títì gbọ́dọ̀ bá a dá wọn dúró lókèèrè. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n ti ṣe àdéhùn kí ogun tó dé. Bí a bá kàn ti ilẹ̀kùn pa mọ́ gbogbo ènìyàn, iṣẹ́ ọ̀tá ni a bá a parí.

Òfin wà. Ní ilẹ̀ Benin, òfin íntánẹ́ẹ̀tì ti oṣù Kẹrin ọdún 2018, Code du numérique, ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá dí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oṣù Kìíní ọdún 2019 ni ilé-ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó rán Kaye lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2 àti oṣù 8. Ó ti lé ní ọdún méjì tí Liberia ti jìyà. Òfin ń fìyà jẹ ọ̀daràn, kì í ṣí ọ̀nà tí ó dí.

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ògiri tí ó lanu yìí lè wà nínú ilé tiwa. Bí ẹ bá ra kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ìwé kékeré tí ó bá a wá. Ẹ ní kí ẹni tí ó bá yín gbé e kalẹ̀ fi hàn yín bí a ti ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Bí a bá pa ẹ̀rọ tí Mirai ti kó, tí a sì tún tàn án, Mirai yóò kúrò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ó lè padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ, tí ẹlòmíràn kò mọ̀, ni yóò gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ ẹrú.