Ta Ni Yóò Kìlọ̀ fún Ará Májídùn?

Nígbàkígbà tí Ààrẹ bá ka orúkọ àwọn mínísítà tuntun, ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń bèèrè ni ẹni tí wọ́n fi ètò ìṣúná lé lọ́wọ́, àti ẹni tí wọ́n fi epo rọ̀bì lé lọ́wọ́. Kí wọ́n tó kà dé orí mínísítà ọ̀ràn àyíká àti mínísítà ìbánisọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ti pa rédíò wọn. Àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, kò yẹ kí á ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn oyè méjèèjì yìí ni ó wà bóyá ènìyàn yóò gbọ́ pé omi ń bọ̀, tàbí orí ẹní ni omi yóò ti bá a.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é. Akéde ọba ni ó ń lu agogo kiri àdúgbò. Ẹnu kan náà tí ó fi ń kéde ìpàdé ìlú ni ó fi ń kéde pé kí wọ́n ro ọ̀nà odò, kí wọ́n gbá ọjà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ìdọ̀tí sí omi tí ìlú ń mu. Kò sí ẹni tí ó rò pé iṣẹ́ méjì ni. Ìjọba àwọn òyìnbó ni ó fi ọ̀kan fún wolé-wolé, tí ó fi èkejì fún ilé ìfìwéránṣẹ́, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń lọ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A kò sọ pé wolé-wolé kò ṣe iṣẹ́ rere o. Ẹ̀rù rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ìkòkò omi ní ìdérí.

Nínú àwọn méjèèjì, ìbánisọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ rí ọlá. Ní 1886 ni wáyà abẹ́ òkun dé Èkó, nítorí pé àwọn oníṣòwò àti àwọn aláṣẹ fẹ́ máa gbúròó ara wọn kíákíá. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í di mínísítà, ipò náà kò bọ́ sí ọwọ́ ẹni yẹpẹrẹ. Olóògbé Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni Mínísítà Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ọkọ̀ Òfurufú láti 1957, nínú ìjọba Tafawa Balewa, kí ó tó wá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1959. Murtala Muhammed pẹ̀lú di ipò ìbánisọ̀rọ̀ mú láti 1974 sí 1975, kí ó tó di olórí orílẹ̀-èdè.

Ìkòròdú ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Olóyè T. O. S. Benson, amòfin, ọmọ Ìkòròdú, tí a bí ní 1917 tí ó sì re ìwàlẹ̀ àsà ní 2008, ni Mínísítà Ìròhìn ní àkókò òmìnira. Ní 1962, nígbà tirẹ̀, ni Ohùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí àgbáyé, tí tẹlifíṣọ̀n Ìjọba Àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí ilẹ̀ Ìkòròdú ni àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń gbé Ohùn Nàìjíríà lọ sí òkè òkun wà, kí wọ́n tó ṣí ibùdó tuntun sí Lugbe ní Àbújá ní 2012. Ẹ fi èyí sọ́kàn ná.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ di iṣẹ́ ìlà tẹlifóònù. Wọ́n dá NITEL sílẹ̀ ní 1985, wọ́n dá àjọ NCC tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní 1992, síbẹ̀ ìlà tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000 kí fóònù alágbèéká tó dé ní 2001. A kò lè kẹ́gàn ohun tí fóònù yìí ṣe. Ìyá ẹlẹ́ja tí ó jókòó ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lè bá oníbàárà rẹ̀ ní Ìbàdàn dúnàádúrà láì dìde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, iye ìlà àti iye owó ìwé àṣẹ ni a fi ń díwọ̀n mínísítà. Kò sí ẹni tí ń bi í léèrè ohun tí ìlà náà ń gbé.

Ọ̀ràn àyíká kò tètè rí ilé gbé. Ó tó ọdún 28 lẹ́yìn òmìnira kí Ìjọba Àpapọ̀ tó dá àjọ kan sílẹ̀ fún un, ìtìjú ni ó sì fà á. Ní 1988 ni àṣírí tú pé àwọn oníṣòwò kan láti Ítálì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá pàǹtírí olóró wá sí Kókò, ìlú kékeré kan létí odò, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Wọ́n tò wọ́n sí àgbàlá ẹnìkan tí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ yá wọn fún owó táṣẹ́rẹ́. Báwo ni ìjọba ṣe mọ̀? Kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó rí i, kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù tí ń ṣọ́ èbúté. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni wọ́n gbọ́ ọ níbẹ̀, tí wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròhìn ilé. Lẹ́tà lásán! Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ológun ti mú kí wọ́n kó ẹrù wọn padà, ó sì ti fi òfin 58 dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àyíká. Ní 1999 ni ọ̀ràn náà tó ní ilé iṣẹ́ àti mínísítà tirẹ̀, Hassan Adamu sì ni ẹni àkọ́kọ́. Ní 2007 wọ́n tún so ó pọ̀ mọ́ ọ̀ràn ilé gbígbé lábẹ́ Arábìnrin Halima Tayo Alao, lẹ́yìn náà wọ́n tún yà á sọ́tọ̀.

Ẹni tí ó bá wí pé ọ̀ràn àyíká àti ọ̀ràn ìbánisọ̀rọ̀ kò bá ara wọn tan, kí ó lọ wo Kókò. Ìwé ìròhìn ni ó bí ilé iṣẹ́ àyíká ní ilẹ̀ wa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan mọ èyí dáadáa kí ìjọba tó mọ̀ ọ́n. Olóyè S. L. Edu, gbajúmọ̀ oníṣòwò tí a bí ní Ẹ̀pẹ́ ní 1911, ni ó dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, kí Kókò tó ṣẹlẹ̀. Igbó Lẹ́kkí tí àjọ náà yà sọ́tọ̀ ní 1990 tó sáàrè 78. Wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà gba inú ẹrẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè fi ojú ara wọn rí ọ̀bọ àti ọ̀nì. Olóyè náà mọ̀ pé ohun tí ènìyàn kò rí, tí kò sì gbọ́ nípa rẹ̀, kò lè dáàbò bò ó.

Ìsinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù. Dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Omi tí ó lè gbà tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà, inú rẹ̀ ni omi mímu Abẹ́òkúta àti ti Èkó ti ń wá. Ní September àti October, nígbà tí òjò bá ti kún un dé ẹnu, àwọn aláṣẹ rẹ̀ kò lè ṣe kí wọ́n má ṣí ẹnu ọ̀nà omi, nítorí bí dáàmù bá ya, àjálù tí ó tóbi ju èyí lọ ni yóò ṣẹlẹ̀. A kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Omi náà yóò gba Odò Ògùn sọ̀kalẹ̀ sí Ìṣẹ́rí, yóò dé Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, yóò dé Májídùn, kí ó tó bọ́ sínú ọ̀sà. Omi kì í fò; rírìn ni ó ń rìn. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àyè wà láti gbé ọmọ àti àpótí kúrò nílẹ̀.

Ní October 2010, omi bo Ajégúnlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ìjọba Èkó kó àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí lọ sí àgọ́ ní Agbówà, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rọ Ohùn Nàìjíríà tí ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀ láti Ìkòròdú kò jìnnà sí ibi tí omi ti ń wọ yàrá àwọn ènìyàn.

Ta ni ó yẹ kí ó kìlọ̀? Àjọ tí ń ṣàkóso dáàmù àti àjọ tí ń wo bí odò ṣe ń kún wà lábẹ́ mínísítà omi. NiMet tí ń sọ bí òjò yóò ti rí wà lábẹ́ mínísítà ọkọ̀ òfurufú. Mínísítà àyíká ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún ọ̀ràn omíyalé. Fóònù wà lábẹ́ mínísítà ìbánisọ̀rọ̀, rédíò wà lábẹ́ mínísítà ìròhìn. Lẹ́yìn tí ilé bá ti rì tán ni NEMA àti LASEMA yóò dé pẹ̀lú ẹní àti ìrẹsì. Àwọn aláṣẹ dáàmù a máa wí pé àwọn ti kọ̀wé ìkìlọ̀, a sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó dé orí tábìlì akọ̀wé kan ní Aláúsá kò tíì dé etí ìyá tí ń yan ẹja ní Májídùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, gbogbo fóònù ni ó gba iṣẹ́ tí àjọ NCDC rán. Ní December ọdún náà, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn so nọ́mbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ ìlà wọn. Ìkìlọ̀ náà dé oko, ó dé ọjà, ó dé orí omi, ní April 2022 wọ́n sì dí ìlà àwọn tí kò ṣe é kí wọ́n má lè pe ẹnikẹ́ni. Ìjọba tí ó mọ bí a ti ń fi fóònù halẹ̀ mọ́ ni yẹ kí ó mọ bí a ti ń fi fóònù gba ẹ̀mí là.

Ní orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, wọ́n dán an wò láti so oyè méjèèjì pọ̀. Ní 2016 ni wọ́n fi ìbánisọ̀rọ̀ àti àyíká sí ọwọ́ mínísítà kan ṣoṣo, Denis Naughten. Richard Bruton tẹ̀lé e, Eamon Ryan sì di í mú láti 2020, kí wọ́n tó tún pín in sí méjì ní 2025. Oyè ńlá ní ìdẹwò tirẹ̀: Naughten kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní October 2018 nítorí pé ó ń bá oníṣòwò kan pàdé, ẹni tí ń wá iṣẹ́ àtifa íntánẹ́ẹ̀tì dé àwọn abúlé. Nítorí náà, a kò bẹ̀bẹ̀ fún oyè tí orúkọ rẹ̀ gùn bí okùn. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ẹnìkan wà, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí a lè tọ́ka sí pé ìwọ ni ìkìlọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, tí yóò sì ní àṣẹ lórí dáàmù, lórí fóònù àti lórí rédíò ní ọjọ́ tí omi bá ń bọ̀.

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fún wa, pé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n lọ kọ́lé sí ojú ọ̀nà odò. Òdodo wà níbẹ̀, àwọn tí ó ta ilẹ̀ náà fún wọn sì ní ẹjọ́ tí wọn yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé ènìyàn ṣi ilé kọ́ kí á fi í sílẹ̀ kí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Omi kì í bèèrè káàdì ẹgbẹ́ kí ó tó wọlé.

Ti Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn kan náà ni. Òfin 86 ti 1992 ní kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ará ìlú sọ tẹnu wọn. Èbúté ńlá Lẹ́kkí àti ilé ìfọpo Dangote, tí a ṣe láti máa fọ 650,000 àgbá lójúmọ́, ni a ṣí ní 2023 ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí ó jẹ́ ara Ẹkùn Ẹ̀pẹ́ láti ilẹ̀ wá. Àwọn mìíràn yóò sì tún tẹ̀lé wọn. Bí wọ́n bá gbé ìwé àyẹ̀wò tí ó nípọn bí Bíbélì, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kalẹ̀ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, apẹja wo ni yóò kà á? Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn àti ní Ìlàjẹ, lórí rédíò, ní èbúté ọkọ̀, ní ọjọ́ ọjà.

A ń fẹ́ kí àwọn aṣòfin tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ dìbò yàn sí Àbújá bi àwọn mínísítà ní gbangba: ta ni yóò kìlọ̀, ní èdè wo, ọjọ́ mélòó ṣáájú kí wọ́n tó ṣí Ọ̀yán? À ń retí kí wọ́n gba èsì náà wá fún wa kí òjò àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀.