Ṣé Púlì Kékeré Máa Dín Owó Epo Ọkọ̀ Wa Kù?

Àwọn kan ń sọ pé tí a bá yọ púlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí a fi èyí tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á lágbára, epo á sì dín kù. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì á fúyẹ́ díẹ̀. Àmọ́ lójú tiwa, ìnákúnàá ni fún ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ wò ó: púlì yìí ló ń fi bẹ́líìtì yí alternator tó ń ṣáájì bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Tí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 6, tí ẹ fi ínṣì 4½ sí i, eré gbogbo wọn á fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ìyẹn ò ni ọkọ̀ ìdíje lára, torí eré ló ń sá ṣáá. Àwa tí a kó tòmátì láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Mile 12, tí a há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì lè gbóná, bátìrì lè kú, kí tòmátì wá jẹrà sójú ọ̀nà. Èrè dà?

Púlì mìíràn tún ní rọ́bà nínú, tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù. Ẹ fi irin lásán rọ́pò rẹ̀, ẹ ń fi ẹ́ńjìnnì wewu nìyẹn.

Owó yẹn, ẹ fi ra bẹ́líìtì tuntun, ẹ fọ rédíétọ̀, kí ẹ sì máa wo afẹ́fẹ́ táyà yín. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?