Ọmọ tó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfìfo

Lọ́dọọdún, bí oṣù kejì bá ti wọlé tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, àga a ṣófo níhìn-ín, òmíràn a ṣófo lọ́hùn-ún, ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ọmọ kan lọ bá òbí wọn ṣa kajú ni, wọ́n á padà tí ọjà bá tútù. Àwọn kan kì í padà mọ́. Ọkùnrin a bọ́ sórí zémi, alùpùpù akérò, tàbí kó sọdá odò Okpara lọ sí Nàìjíríà. Obìnrin a lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, tàbí kó lóyún kó jókòó sílé. Bi òbí léèrè, ohun tó máa sọ ni pé, “Orí ẹ̀ ò gbàwé.” Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí ọmọ kò lẹ́bi kankan, àpò ló gbẹ.

Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Wọ́n tún mú owó ilé ẹ̀kọ́ kúrò lórí àwọn ọmọbìnrin ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló ń lé ọmọ kúrò. Ẹ wo ọmọ tó ti abúlé oko ní apá Bessé tàbí Okpara wá. Bàbá rẹ̀ háyà yàrá kan fún un nígboro. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, òun ló ń pọnmi, òun ló ń dáná. Gàrí àti ẹ̀lùbọ́ tó gbé dé lọ́jọ́ Àìkú ti tán kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ọmọ yìí la fẹ́ kó mọ ìṣirò bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bu oúnjẹ fún láràárọ̀. Bó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, a ní orí ẹ̀ ò gbàwé.

N kò sọ pé dandan ni kí gbogbo ọmọ gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọdún méje ni láti sixième dé terminale, ọ̀nà náà jìn, iṣẹ́ kò sì dúró de gbogbo ẹni tó bá dé òpin rẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé bí ọmọ bá tilẹ̀ máa lọ, ibi tó ti kúrò ṣe pàtàkì. Ọmọ tó lọ ní quatrième, nígbà tó ku ọdún kan péré kó ṣe BEPC, ìdánwò òpin ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, ti lo ọdún mẹ́ta láì ní ìwé kankan lọ́wọ́ ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Èyí tó bá fara dà á títí tó fi gba BEPC lè fi í wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ti àgbẹ̀, ó sì lè padà wọ seconde bí owó bá dé. Ẹ̀yin òbí, bí nǹkan bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a tu owó ọdún kan yẹn jọ ná.

Owó ojú ẹsẹ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ ọmọ jáde, mo sì mọ bó ṣe ń dùn tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí epo kpayo. Ọdún púpọ̀ ni àwọn ọmọ wa fi ń fi alùpùpù gbé kẹ́ẹ̀gì epo wọlé láti Nàìjíríà, tí ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ ń rówó ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde l'Abuja pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kò pẹ́ rárá tí owó kpayo fi fò sókè lẹ́bàá títì wa, oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé epo lọ. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà, iná jó níbi tí wọ́n ń kó epo sí ní Sèmè-Podji, ó pa èèyàn tó lé ní 30. Àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Nàìjíríà náà kò bọ́. Èdè wa kan náà ni wọ́n ń gbọ́ lọ́hùn-ún lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà já wálẹ̀, owó ọdún kan tí ọmọ fi pamọ́ kò tó ra ohun tó torí ẹ̀ lọ mọ́ bó bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo gbà pé ó lè gba ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ. Aránṣọ kan wà tí mo mọ̀ nígboro, ọmọ iṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé kàyé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú un dání, ọmọbìnrin tó ka ìwé dé troisième. Òun ló ń kọ àyà, ìbàdí àti gígùn apá. Òun ló ń ṣírò iye mítà tó máa lọ sí aṣọ ẹgbẹ́, òun náà ló ń ka WhatsApp fún ọ̀gá. Àwọn ọdún tó lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń jẹ nínú ẹ̀. Síbẹ̀, ọdún tí wọ́n ní kó fi kọ́ṣẹ́ kò dín sí ti ẹni tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìwé ẹ̀rí ìjọba wà fún iṣẹ́ tó ń kọ́.

Ó sì wà. Láti ọdún 2005 ni òfin ti gbé ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní CQP kalẹ̀. Ọmọ tó ti parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá, kó máa lọ sí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ láti kọ́ ìṣirò iṣẹ́, àwòrán àti bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó. Ìwé ẹ̀rí kejì, CQM, wà fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe kọ́ ọ, iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni ìdánwò náà sì ń wò. Ẹni tó ní ọ̀kan nínú méjèèjì kúrò ní ẹni tí ọ̀gá nìkan lè jẹ́rìí fún.

Ẹni tí oko wù, Songhaï tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Porto-Novo lọ́dún 1985 ní ibùdó ní Savalou, kò jìnnà sí wa. Wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ọ̀gbìn, ẹran ọ̀sìn, ẹja àti bí wọ́n ṣe ń sọ irè oko di ohun títà. Kajú tó ń fa àwọn ọmọ jáde ní kíláàsì yìí náà, láti oṣù Kẹrin 2024 ni ìjọba ti fòfin de kíkó o jáde láì fọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ kajú ló kàn báyìí, ní agbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé àti níbòmíràn, ilé iṣẹ́ sì ń wá ẹni tó lè tún ẹ̀rọ ṣe. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ìlú wa náà kò lè fi agérèké nìkan ṣiṣẹ́.

Sí àwọn ọmọbìnrin tó bímọ tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ti parí: èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fún BEPC àti BAC láì jókòó ní kíláàsì, candidat libre ni wọ́n ń pè é. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá sún mọ́ yín kí àkókò ìforúkọsílẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ bá wọn gbé ọmọ lálẹ́ kí wọ́n lè kàwé.

Ó ku àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Bí ọmọ bá mọṣẹ́ tán, libération, ayẹyẹ òmìnira, ló kàn: àga yíyá, ohun èlò orin, ẹran, aṣọ, owó ọ̀gá. Àwọn ọmọ kan ti mọṣẹ́ tán pátápátá, wọ́n ṣì ń sìn lọ torí pé owó ayẹyẹ kò tíì pé. Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ṣábẹ kí wọ́n fẹnu kò sórí iye kan tí ọ̀gá kankan kò gbọdọ̀ gbà kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń kọ ìwé àdéhùn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọmọ yìí máa ṣe CQM kó tó gba òmìnira, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó máa sanwó ìdánwò náà, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ mẹ́rì.