Ẹni Tó Ra Kọ̀ǹpútà Ló Ni Bátìrì Rẹ̀

Láti 1996 tí Intel, Microsoft àti Toshiba ti gbé ìlànà ACPI jáde, sọ́fítíwìà ló ń pàṣẹ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo iná. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń pàṣẹ fún sọ́fítíwìà náà?

Bátìrì lithium-ion tó bá ń wà ní 100% ṣáá, pàápàá nínú ooru, kì í pẹ́ gbó. Tó bá ń dúró ní 80%, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ThinkPad tó ń lo Linux, ká kọ 80 sínú fáìlì charge_control_end_threshold, ó tán. Kí ló wá dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi ń há àṣẹ yìí mọ́ inú áàpù Windows tiwọn, tí àwọn kan ò tilẹ̀ fún wa rárá?

Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ká ba ẹ̀rọ jẹ́ ni, a kò gbà. Ọjọ́ tí iná bá wà, 80 tó wa. Ọjọ́ tí a bá mọ̀ pé wọ́n máa mú iná lọ, 100 la fẹ́. Ta ló mọ̀ ọ́n jù wá lọ? Kẹ́ ẹ tó sanwó kọ̀ǹpútà, ẹ bi òǹtajà pé: ṣé a lè dá bátìrì yìí dúró ní 80?