Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì: Owó Ọbẹ̀ Ló Ṣòro

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àtigbéyàwó kò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ni wọ́n fi pa òwe náà, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bọ̀gìnnì mu lóde òní. Òṣìṣẹ́ a kó owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jọ, a fi ra Mercedes-Benz C-Class, BMW 3 Series tàbí Lexus ES tí ó jẹ́ àlòkù. Ẹbí àti ojúlùmọ̀ a wá bá a wẹ ọkọ̀, àdúrà a máa rọ̀ bí òjò. Kí ọdún tó yípo, ọkọ̀ ti wà lábẹ́ igi lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, owó ilé-ìwé ọmọ sì ti bá a lọ.

Kò burú kí ènìyàn gun ohun tí ó dára. Ohun tí ó burú ni kí a pa àṣà ìwádìí tì. Láyé àtijọ́, ìdílé kì í gba ìyàwó sílé láìjẹ́ pé alárinà ti wádìí bóyá àrùn tàbí gbèsè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ àlòkù tí a ń pè ní Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ló ń jẹ́. Ilé kò mọ ìtàn rẹ̀, àfi kí a bèèrè.

Láti 1981 ni àwọn ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ti ń ní nọ́ńbà ṣaṣí tí ó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Nọ́ńbà yìí ni a fi ń tọpa bóyá ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá tàbí bóyá omi ti bò ó rí. Ó sì gbọdọ̀ bá ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù mu, nítorí ní January 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ka gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ ẹ̀bùrú lè pàdánù rẹ̀ lójú títì.

Alárinà ọkọ̀ ni mẹkáníìkì tí ó mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà mú wá. Òwúrọ̀ ni kí wọ́n lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná ẹ́ńjìnnì yẹ kí ó tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti ṣáná. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ ọ́ láti fi àrùn pamọ́.

Lẹ́yìn èyí ni owó ọbẹ̀. Nígbà tí Mercedes-Benz gbé ọkọ̀ 190 jáde ní Jámánì ní 1982, ọkọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ńlá ló ń jẹ́, ìtọ́jú ìdílé ńlá náà ló sì ń béèrè. Bí irú ọkọ̀ yìí bá di àlòkù, iye rẹ̀ a wálẹ̀. Iye páàtì rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Lexus ES bá Toyota Camry pín ọ̀pọ̀ nǹkan, nítorí náà páàtì àti ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò ṣọ̀wọ́n tó ti ọkọ̀ Jámánì. Táyà pẹlẹbẹ kì í fara da kòtò. Irú epo tí ọkọ̀ ń mu sì wà lákọsílẹ̀ lẹ́bàá ìdérí tánkì. Kí a kà á.

Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ rà á kọ iye epo, táyà, bíréèkì àti adójútòfò ọdún kan sílẹ̀ kí ó tó dúnàádúrà. Bí owó náà bá kan owó ilé-ìwé ọmọ, kí ó dúró. Ó sì yẹ kí ẹbí tí ń ti ọmọ wọn láti gun ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dákẹ́, nítorí wọn kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá ń ka owó.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.