Jáàkì Kì í Ṣe Òpó

Bí wọ́n bá ní kí èèyàn sùn sábẹ́ igi tí wọ́n ti gé dé ìdajì, kò sẹ́ni tó máa gbà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ń tẹ́ páálí sílẹ̀, tí wọ́n ń fẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, tó sì jẹ́ pé jáàkì kan ṣoṣo ló gbé e dúró. Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Elépo fojú rí.

Bọ́ọ̀sì tí ìyá náà fi ń kó epo pupa lọ sọ́jà ló fẹ́ pàrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ̀lé awakọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọmọṣẹ́ ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbé e sókè, ó fi búlọ́ọ̀kù méjì tì í, ló bá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ pè é pé kó wá mú súpánà. Bó ṣe yọ ẹsẹ̀ jáde tán báyìí, búlọ́ọ̀kù fọ́, ọkọ̀ sì já lulẹ̀, gbì!

Ìyá Elépo káwọ́ lérí.

“Háà! Ọ̀gá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe é? Ìyá ọmọ yìí ní kó wá kọ́ṣẹ́ ni o, kò fi í ta yín lọ́rẹ!”

Ọ̀gá mẹkáníìkì dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.”

“Orí ló yọ ẹni tó kọ́ yín. Ẹ dìde, ẹ ṣàlàyé fún mi.”

Ọ̀gá náà kò purọ́. Ó ní ọ́ìlì inú jáàkì ló ń tì í sókè, rọ́bà kékeré kan ló sì sé ọ́ìlì náà mọ́. Bí rọ́bà yẹn bá ti gbó, ọ́ìlì á máa jò, jáàkì á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí kó já lẹ́ẹ̀kan náà. Búlọ́ọ̀kù ńkọ́? Ihò ló wà nínú rẹ̀. Ó lè gbé ògiri, nítorí ògiri tẹ́ lé e lórí déédéé. Ṣùgbọ́n bí irin ọkọ̀ bá tẹ ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀, á fọ́ láìsọ fẹ́nì kan.

“Ohun tó ń gbé ọkọ̀ sókè kọ́ ló yẹ kó dì í mú, Màmá. Jáàkì á gbé e, sítáńdì onírin á dì í mú.”

Ó wá ka bó ṣe yẹ: kí ilẹ̀ le, kó sì tẹ́jú, kí wọ́n fa hándíbúrẹ́kì, kí wọ́n fi igi há táyà tó kù nílẹ̀, kí sítáńdì méjì wà lábẹ́ irin tó nípọn, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí wọn, kí wọ́n sì mì í dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

“Èwo wá ni awakọ̀ mi lè ṣe fúnra rẹ̀, tí kò ní wọ abẹ́ ọkọ̀ rárá?”

“Ó pọ̀, Màmá. Láàárọ̀, kó tó tan ẹ́ńjìnnì, kó fa géèjì ọ́ìlì yọ, kó nù ún, kó tì í padà, kó tún fà á yọ. Kí ọ́ìlì wà láàrin àmì méjèèjì. Bí ọ́ìlì bá dà bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kó má wa ọkọ̀ náà mọ́. Kó wo omi rédíétọ̀ nígbà tó bá tutù. Ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná, omi gbígbóná á bó o lójú. Kó wo fáńbẹ́líìtì bóyá ó ti ń la.”

Ìyá Elépo ni olórí èsúsú nínú ọjà. Ó ní òun lè yá ọ̀gá lówó kó fi ra lífíìtì, ẹ̀rọ tó ń gbé odindi ọkọ̀ sókè. Ara àga onígbàjámọ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ní Peter Lunati, ará Memphis ní Amẹ́ríkà, ti rí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1925. Ọ̀gá yọ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìyá dá a dúró.

“Ẹ ní sùúrù. Èmi kì í ra epo láìtọ́ ọ wò. Oríṣi mélòó ló wà?”

Ọ̀gá ní àwọn kan ń gbẹ́ kòtò dípò lífíìtì, nítorí ó dínwó, kò sì fẹ́ iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju èyí táwọn èèyàn ń mí lọ. Inú kòtò ló máa ń jókòó sí, ìṣáná kan ṣoṣo sì tó láti sun ẹni tó wà níbẹ̀.

Lífíìtì olópòó mẹ́rin, ọkọ̀ á gun orí irin gbọọrọ méjì, táyà á jókòó sí i. Ó rọrùn fún ọ́ìlì àti sàlẹ́ńsà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yọ táyà á tún wá jáàkì. Olópòó méjì, apá mẹ́rin ló fi ń gbé abẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ á sì ráyè dé ìdí táyà, búrẹ́kì àti gíásì. Ṣùgbọ́n bóòtù ló dì í mọ́lẹ̀, ilẹ̀ kọnkéré tó nípọn ló sì ń fẹ́. Ẹni tó bá rì í sórí sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀dọ̀ búlọ́ọ̀kù ló tún padà sí yẹn.

“Ìwọ̀n tó lè gbé ńkọ́?”

“Èyí tó ń gbé tọ́ọ̀nù 4 wọ́pọ̀, Màmá. Bọ́ọ̀sì yín lè tó tọ́ọ̀nù 2 láìsí ẹrù.”

“Kẹ́ẹ̀gì epo mi á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Òrùlé yín ńkọ́?”

Ọ̀gá wòkè. Lífíìtì ń gbé táyà kúrò nílẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.8. Bọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ga tó mítà 2. Mítà 3.8 nìyẹn, páànù ọgbà ọ̀gá kò sì tó mítà 3.

“Ẹ ò rí i? Owó ì bá ti wọgbó. Ó ku ẹyọ kan: kí ló máa dì í mú lókè?”

Ọ̀gá ní eyín irin wà lára òpó, tó máa ń dún káká bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè. Orí eyín yẹn ni wọ́n á sọ ọkọ̀ kà kí èèyàn tó wọ abẹ́ rẹ̀. Tòkunbọ̀ tí eyín rẹ̀ ti jẹ, tí wáyà rẹ̀ ń já, tàbí tó ń jo ọ́ìlì, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

“Ọ̀rọ̀ jáàkì náà ló tún dé yẹn,” ni Ìyá Elépo wí.

Wọ́n fẹnu kò pé owó lífíìtì á dúró títí ilẹ̀ àti òrùlé yóò fi gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìyá tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó sítáńdì mẹ́rin lé ọ̀gá lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bó bá dé ọgbà yẹn tí wọ́n ń kí i, kì í tètè dáhùn. Á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Bó bá ti rí ẹsẹ̀ irin níbẹ̀, á wá nàró.

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”